Ìwé tí mo kà fún Mọ́ọ̀mi lọ́dún 2025

Ẹ̀yin èèyàn mi, ọdún ti ń lọ, mo ní kí n jókòó ṣírò ìwé tí mo kà bí mo ṣe máa ń ṣe lọ́dọọdún. 14 ni mo kà tán. Ó kéré sí ti èṣí àmọ́ kò dùn mí rárá, torí mẹ́ta nínú ẹ̀, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ka ìkọ̀ọ̀kan, mo kọ́kọ́ fojú kà á fún ara mi lédè òyìnbó, mo wá fẹnu kà á ní Yorùbá fún Mọ́ọ̀mi, ìyá mi.

Ojú Mọ́ọ̀mi ló fà á. Ó ti ń ṣe bàìbàì láti èṣí, wọ́n láwọn máa ṣiṣẹ́ abẹ fún un, wọ́n ń sún ọjọ́ síwájú ṣáá, bẹ́ẹ̀ obìnrin tó máa ń ka ìwé ìròyìn Aláròyé láti iwájú dé ẹ̀yìn ni o. Ó wá di kó jókòó kó máa gbọ́ rédíò. Lálẹ́ ọjọ́ kan nínú oṣù kẹta, wọ́n mú iná lọ, bátìrì rédíò náà tún kú, mo bá tan tọ́ọ̀ṣì fóònù mi, mo mú ìwé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi, mo ní "Mọ́ọ̀mi, ẹ jẹ́ n ka nǹkan fún yín."

Stay With Me ni ìwé ọ̀hún, tí Ayọ̀bámi Adébáyọ̀ kọ, 2017 ló jáde. Bí ojú mi ṣe ń bá ìwé lọ ni ẹnu mi ń yí i sí Yorùbá. Ohun tó kọ́kọ́ jí Mọ́ọ̀mi ni pé Iléṣà ni ìtàn yẹn ti ṣẹlẹ̀, láyé àwọn ológun, Iléṣà kan náà tí wọ́n bí i sí. Èkejì ni pé ìyá ọkọ inú ìwé náà, Mọ́ọ̀mi ni wọ́n ń pè é. Ó dìde jókòó. "Mọ́ọ̀mi wo nìyẹn?"

Báyìí la ṣe bẹ̀rẹ̀. Yéjídé ni èèyàn mi tọdún yìí, mi ò ní pa á mọ́. Ó ní sálúùnù tiẹ̀, ó kàwé ní Ifẹ̀, ó nífẹ̀ẹ́ ọkọ ẹ̀, ọmọ ni ò dé. Àwọn ẹbí wá bá a ní pálọ̀ ẹ̀, wọ́n mú ìyàwó tuntun dání, Fúnmi, wọ́n ní àbúrò ẹ nìyí. Yéjídé ní àfi kí wọ́n jẹun kí wọ́n tó lọ. Ó wọ kíṣìnnì, ó da ọbẹ̀ ẹ̀wà ọlọ́jọ́ mẹ́ta tó fẹ́ dà nù mọ́ ọbẹ̀ tuntun, ó gbé e fún wọn. Mọ́ọ̀mi rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú ẹ̀.

Àmọ́ ìyá ọkọ yẹn ni Mọ́ọ̀mi tèmi ń gbè lẹ́yìn. Ó ní ọdún kẹrin rèé tí wọ́n ti fẹ́ra, ìyá wo ló máa káwọ́ gbera? Inú bí mi, èmi náà fèsì, a ò kàwé mọ́ lálẹ́ ọjọ́ náà.

Ọjọ́ kejì la dé orí òkè. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti kà á mọ ibi tí mò ń wí. Wọ́n ní kí Yéjídé fa ewúrẹ́ funfun kan, tí kò ní àbààwọ́n kankan, gun òkè lọ bá wòlíì. Wọ́n wé ewúrẹ́ yẹn bí ọmọ tuntun, wọ́n gbé e fún un, wọ́n ní kó fún un lọ́mú. Ó sì fún un. Mo rọra ń kà á torí ọ̀rọ̀ yẹn le lẹ́nu mi, mo ń wá ọ̀rọ̀ tí kò ní dà bíi pé mò ń fi obìnrin yẹn ṣẹ̀sín. Mọ́ọ̀mi ò fọhùn. Mo rò pé ó ti sùn, mo ti fẹ́ pa tọ́ọ̀ṣì. Ló bá ní, "Ọdún mẹ́fà ni mo lò nílé bàbá yín kí n tó bí ẹ̀gbọ́n ẹ."

Mi ò gbọ́ ọ rí láyé mi. Mo ti lé lọ́gbọ̀n ọdún o. Ó sọ ibi tí wọ́n mú un dé, ó sọ ohun tó mu, ó sọ orúkọ tí ìyá ọkọ ẹ̀ ń pè é níwájú àlejò. Mi ò ní kọ ìyẹn síbí. Láti alẹ́ yẹn, kò tún gbè lẹ́yìn Mọ́ọ̀mi inú ìwé mọ́, ọ̀rọ̀ Yéjídé ló kù tó ń bi mí, pé kí ni Yéjídé ṣe lónìí. Nígbà tá a dé ibi tí Yéjídé ti ń pa àlọ́ Olúrónbí fún ọmọ tó padà bí, Mọ́ọ̀mi gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu mi, ó dá orin ẹ̀, mo pa ìwé dé, mo gbè é.

Lẹ́yìn ẹ̀ la ka The Girl with the Louding Voice ti Abi Daré. Àdùnní, ọmọ ọdún 14 tí bàbá ẹ̀ fi fún Mórúfù, tó ti ní ìyàwó méjì nílé. Ẹni tó bá ti kà á mọ̀ pé òyìnbó wúruwùru ni Àdùnní fi ń sọ ìtàn ẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀, òyìnbó tó dùn gan-an àmọ́ tí gbogbo ènìyàn ń gbọ́ pé kò pé. Mo ń ronú bí màá ṣe kà á, ṣé kí n ba Yorùbá náà jẹ́ ni? Mo kàn la ẹnu, ó sì jáde kedere. Ní Yorùbá, ọ̀rọ̀ Àdùnní ò léèérí kankan. Ọmọ tó gbọ́n, tó lọ́rọ̀ lẹ́nu ni. Títí a fi parí ìwé yẹn, Mọ́ọ̀mi ò mọ̀ pé wọ́n ní Àdùnní ò gbọ́ èdè, ohun tó ń sọ ni pé "ọmọ yìí lóhùn." Ìyẹn gan-an lọmọ náà ń wá kiri látìbẹ̀rẹ̀! Inú mi dùn débi pé mi ò lè sùn.

Ìgbà tí Khadija, ìyàwó kejì Mórúfù, kú létí odò, tí ọkùnrin tó fún un lóyún sì sá lọ, Mọ́ọ̀mi ṣépè tó gùn. Ìwé tó tẹ̀ lé e, And So I Roar, tó gba Climate Fiction Prize, ẹ̀bùn fún ìwé ìtàn tó dá lórí ojú ọjọ́ tó ń yí padà, àkọ́kọ́ irú ẹ̀ lọ́dún yìí, èmi nìkan ni mo tíì ka ìyẹn.

Kóredé inú My Sister, the Serial Killer náà wà lọ́kàn mi, nọ́ọ̀sì tó ń fọ ẹ̀jẹ̀ tí àbúrò ẹ̀ ta sílẹ̀. Mo fẹ́ràn ẹ̀ torí ó mọ iṣẹ́ ilé ṣe, ó mọ bí wọ́n ṣe ń fọ nǹkan títí igun rẹ̀ fi mọ́, kò sì sẹ́ni tó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀. A Spell of Good Things ńkọ́? Ẹniọlá, ọmọ tíṣà tí wọ́n dá dúró lẹ́nu iṣẹ́. Mi ò tíì láyà àtika ìyẹn fún Mọ́ọ̀mi, ìparí ẹ̀ ti wúwo jù fún èmi gan-an. Àwọn tó kù dára, a ó máa sọ wọ́n.

Ẹ̀gbọ́n mi ti wálé láti London fún Kérésì, ó sì mú Cursed Daughters dání fún mi, ìwé tuntun tí Oyinkan Braithwaite, ẹni tó kọ ti Kóredé, gbé jáde lọ́dún yìí. Àwọn obìnrin Fálódún tí wọ́n ṣépè fún pé ọkùnrin ò ní fi ilé wọn ṣe ilé. Ẹ̀gbọ́n mi ló wá ń di tọ́ọ̀ṣì mú fún mi lálẹ́, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lórí bẹ́ẹ̀dì kan ṣoṣo bíi ìgbà ọmọdé. Àná ó béèrè pé ìwé wo la fi bẹ̀rẹ̀ gan-an. Mo wo Mọ́ọ̀mi. Mọ́ọ̀mi ní kí n lọ mú un wá, kí n bẹ̀rẹ̀ látorí ewúrẹ́ yẹn.