Láti Ìsẹ́yìn dé Leeds: Mílíìkì Agolo, Mílíìkì Fìríìjì àti Wàrà

Ní ilé wa ní Ìsẹ́yìn, ìwọ̀nba ni mílíìkì. Ìyá mi a fi ìṣó lu ihò méjì sí orí agolo, ọ̀kan fún mílíìkì, èkejì fún atẹ́gùn, wọn a sì ro díẹ̀ sínú ògì gbígbóná ẹnì kọ̀ọ̀kan wa. Agolo náà a wà nínú abọ́ omi di ọjọ́ kejì kí eèrà má baà dé ibẹ̀. Ní Leeds, ìlú kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí mo ń gbé báyìí, ike kan nínú fìríìjì mi gba lítà 2.27, ìyẹn páìntì mẹ́rin, a sì máa ń lo méjì tán kí ọ̀sẹ̀ tó parí.

Àwọ̀ ìdérí ni wọ́n fi ń mọ mílíìkì níbí. Búlúù ni ti èyí tí ọ̀rá rẹ̀ pé, nǹkan bí ìdá 3.6 nínú ọgọ́rùn-ún. Àwọ̀ ewé ni ti èyí tí wọ́n ti yọ nǹkan bí ìdajì ọ̀rá rẹ̀, òun ni ó sì tà jù. Pupa ni ti èyí tí ọ̀rá rẹ̀ kò tó nǹkan. Wọ́n á mú un gbóná dé ìwọ̀n 72 ti Celsius fún ìṣẹ́jú àáyá 15, yàtọ̀ sí ìgbà yẹn, òtútù kì í fi í sílẹ̀ láti oko títí dé ilé. Òtútù tí kì í já yìí ni ìyàtọ̀ gan-an láàárín ilẹ̀ méjèèjì, kì í ṣe pé àwa kò fẹ́ràn mílíìkì. Níbi tí iná mànàmáná ti ń wá tí ó tún ń lọ, mílíìkì tí kò nílò fìríìjì ni yóò jọba: ti agolo, tí wọ́n ti fa ju ìdajì omi ara rẹ̀ jáde, àti ti ìyẹ̀fun, tí sáṣẹ́ẹ̀tì kékeré kan tó fún ife tíì kan. Ní 1954 ni mílíìkì Peak kọ́kọ́ wọ Nàìjíríà láti ilẹ̀ Nẹ́dálándì, èyí ni ó fi jẹ́ pé agolo ni ọ̀pọ̀ àgbàlagbà ń rí lọ́kàn bí wọ́n bá gbọ́ "mílíìkì".

Ìwọ̀nba yẹn ní àǹfààní tí n kò mọ̀ títí mo fi mu odindi ife mílíìkì tútù ní àárọ̀ ọjọ́ kan, tí inú mi sì ń kùn títí di ọ̀sán. Ọ̀pọ̀ àgbàlagbà ilẹ̀ wa ni inú wọn kì í gba ṣúgà tó wà nínú mílíìkì dáadáa mọ́ lẹ́yìn ìgbà èwe. Ẹ̀kán díẹ̀ nínú ògì kò ní yọ wọ́n lẹ́nu, ṣùgbọ́n ife kan lè dà wọ́n láàmú.

Wàrà, ìyẹn mílíìkì dídì tí àwọn Fúlàní ń ṣe, kò yọ mí lẹ́nu bẹ́ẹ̀ rí, nítorí ọ̀pọ̀ ṣúgà náà ń bá omi rẹ̀ lọ. Wàrà yìí gan-an ni àárò rẹ̀ ń sọ mí jù. Ní gáà, àwọn ìyá Fúlàní a gbé mílíìkì màlúù ka iná tí kò le, wọ́n a da omi ewé bọ̀mùbọ̀mù tí wọ́n gún sí i, wọ́n a sì dúró títí yóò fi dì, kí wọ́n tó bù ú sínú apẹ̀rẹ̀ kékeré kí omi lè ro kúrò. Ìdí nìyẹn tí ojú apẹ̀rẹ̀ fi máa ń hàn lára wàrà. Bí a bá dín in, kì í yọ́: ẹ̀yìn rẹ̀ a pọ́n, inú rẹ̀ a rọ̀. Ní orílẹ̀-èdè Benin, wagashi ni wọ́n ń pè é, wọ́n a sì máa fi ewé ọkà bàbà sè é kí ó lè pupa.

Nínú gbogbo ṣíìsì tí mo ti rà ní Leeds, halloumi ti Kípírọ́ọ̀sì àti paneer ti àwọn ará Íńdíà ni mo rí tí ó sún mọ́ ọn, nítorí àwọn náà kì í yọ́ nínú epo. Mo ti fi mílíìkì oníbúlúù àti omi ọsàn wẹ́wẹ́ dán wàrà wò nígbà mélòó kan. Ó dì lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó ń fọ́ sí wẹ́wẹ́, kò sì ní adùn ewé yẹn.

Ó dùn mí pé bí àlejò pàtàkì bá dé ilé wa, agolo ni a ń gbé síwájú rẹ̀, tí wàrà sì wà nínú igbá lẹ́bàá títì, nínú oòrùn. Èyí tí kò bá tà ní ọjọ́ náà, ìyá oníwàrà gbọ́dọ̀ tún gbé e kaná ní alẹ́ kí ó má baà bàjẹ́. Òtútù tó ń dúró ti mílíìkì àgbẹ̀ Yorkshire, agbègbè tí Leeds wà, láti ìdí màlúù ni mo fẹ́ kí ó dé gáà náà, kí wàrà rẹ̀ lè di ọ̀la láìtún kaná.