Ẹ̀ṣọ́ tó ń gbé orí ẹ̀gẹ́: ìrìnàjò mi sí Pọ́bẹ̀

"Má fọwọ́ kàn án o. Sún mọ́ ọn, kí o sì rọra máa mí."

Ọ̀rẹ́ mi ti fi ìka méjì la ewé wínníwínní tó wà ní ṣóńṣó orí ẹ̀gẹ́ náà, ó sì na awò kékeré ọwọ́ rẹ̀ sí mi. Irun ara ewé nìkan ni mo kọ́kọ́ rí, funfun, wọ́n dì mọ́ra bí òwú. Àfi bí nǹkan kan tó ń dán bí ẹ̀kán epo ṣe sáré kọjá láàrin irun náà. Ó dúró, ó gbé ẹsẹ̀ iwájú méjèèjì sókè, ó fi ń tọ́ afẹ́fẹ́ wò, ó tún sá wọlé. Mo ké. Ohun tí mo torí rẹ̀ kúrò ní Ìbàdàn nìyẹn, kò sì tó ìdajì mìlímítà.

Máìtì ni wọ́n ń pè é. Ẹsẹ̀ mẹ́jọ ló ní, ìbátan eégbọn àti aláǹtakùn ni. Kò ní ojú rárá. Ẹsẹ̀ iwájú ló fi ń wá ọ̀nà, òórùn ló sì ń tọ̀ lọ síbi tí oúnjẹ wà: ewé ẹ̀gẹ́ tí ọ̀tá bá ti ń mu omi ara rẹ̀ máa ń tú òórùn jáde, òórùn yẹn ló ń pe máìtì yìí wá pa ọ̀tá náà jẹ. Typhlodromalus aripo ni orúkọ rẹ̀ nínú ìwé.

Ìdájí ni mo ti jáde nílé. Abẹ́òkúta, Ìláròó, Ìdìrókò. Mo sọdá ibodè sí Igólò ní orílẹ̀-èdè Benin, mo gun zémidjan, ọ̀kadà wọn, dé Sakẹ́tẹ́, mo wọ ọkọ̀ míì lọ sí Pọ́bẹ̀. Ìparí oṣù kọkànlá ni, òjò ti ká ẹsẹ̀ nílẹ̀, eruku pupa ti dé. Àwọn àkọlé ojú ọ̀nà ti di Faransé, ṣùgbọ́n "ẹ kú ìrìn o" ni ìyá tó ń ta ọsàn lẹ́bàá ọ̀nà fi kí mi. Ó wú mi lórí gan-an.

Ìyá àgbà kan ló ni oko tí a lọ. A kí wọn kú iṣẹ́, wọ́n sì mú wa lọ síbi tí ẹ̀gẹ́ wọn ti ń jìyà. Ewé ibẹ̀ kún fún àmì tó-tò-tó, bíi pé ẹnì kan fi abẹ́rẹ́ gún un káàkiri. Ewé tuntun kò lè gbòòrò, àwọn igi kan sì ti wọ́ ewé orí wọn dànù, ọ̀pá lásán ló dúró bí àbẹ́là. Iṣẹ́ Mononychellus tanajoa nìyẹn, máìtì aláwọ̀ ewé tó ń fa omi inú ewé mu. Onímọ̀ kòkòrò kan, Bondar, ló fún un lórúkọ ní Brazil ní 1938. Ẹ̀gẹ́ ti kúrò ní Gúúsù Amẹ́ríkà wá sí Áfíríkà láti ayé àwọn baba ńlá wa, ṣùgbọ́n ọ̀tá yìí kò bá a wá. Ọdún 1971 ni wọ́n tó rí i ní Uganda. Bó ṣe dé, àwọn tó ń pa á jẹ nílé kò tẹ̀ lé e. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í tàn láti oko dé oko, afẹ́fẹ́ ń gbé e. Àgbẹ̀ wo ló sì ní owó oògùn tí yóò máa fín sí ẹ̀gẹ́?

Ibi tó gbà mí lọ́kàn jù nínú ìtàn náà kò sí nínú oko. Orúkọ ni. Nígbà tí IITA, ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà ní Ìbàdàn, ń wá máìtì tó lè pa máìtì yìí jẹ, àwọn tí wọ́n kó wá láti Colombia kò ráyè gbé, àìmọye ni wọ́n tú sílẹ̀. Àwọn tó wá láti Brazil ló dúró. Lára wọn ni ọ̀kan wà tí wọ́n ti ń pè ní limonicus fún ìgbà pípẹ́, orúkọ tí wọ́n fa yọ lára ọsàn wẹ́wẹ́. Ìgbà tí Moraes, onímọ̀ máìtì ará Brazil, fara balẹ̀ wò wọ́n ló rí i pé ọ̀tọ̀ ni èyí tó ń gbé lára ẹ̀gẹ́. Ní 1994, ó fún un ní orúkọ tirẹ̀: manihoti, láti ara Manihot, orúkọ ẹ̀gẹ́ fúnra rẹ̀. Mo ka gbólóhùn yẹn lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ̀dá náà ti ń ṣiṣẹ́ nínú oko kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀ ọ́n dáadáa.

Aripo, irú èyí tí mo rí láàárọ̀, náà wá láti Brazil; wọ́n tú u sílẹ̀ ní orílẹ̀-èdè Benin ní oṣù kẹwàá 1993, òun ló sì rìn jù. Ìyá rántí bí wọ́n ṣe pín in. Kò sí ike, kò sí oògùn. "Orí ẹ̀gẹ́ ni wọ́n gé wá láti oko míì," wọ́n ní, "wọ́n ní kí á fi há orí tiwa." Bó ṣe rí nìyẹn, torí pé inú orí náà ni máìtì ń gbé lọ́sàn-án. Ọ̀rẹ́ mi fi ẹ̀yà ẹ̀gẹ́ méjì hàn mí, ọ̀kan tí orí rẹ̀ nírun, èkejì tó ń dán. Ẹ̀yà onírun la ti rí wọn. Nínú èyí tó ń dán, a la orí mẹ́fà, a kò rí ẹyọ kan.

Lọ́sàn-án a padà sí yàrá tí ọ̀rẹ́ mi ti ń ṣiṣẹ́. Máìtì kan wà níbẹ̀ tó mú láti ara igi ìgbẹ́ kan lẹ́bàá oko, tí ìwé atọ́nà kò bá a mu délẹ̀. Mo béèrè bóyá tuntun ni. Kò dá mi lóhùn, ó ní kí n jókòó síwájú maikirosíkóòpù.

Abo ni. Wọ́n ti kọ́kọ́ rẹ ẹ́ sínú ásíìdì tí ara rẹ̀ fi mọ́ gaara, wọ́n tẹ́ ẹ sáàrin gíláàsì méjì, wọ́n sì fi ooru gbẹ ẹ́. Ara rẹ̀ ti di bí ọ̀rá tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà kọjá. Gbogbo irun ẹ̀yìn rẹ̀ ló ní orúkọ: j, z, s fún ti iwájú, J, Z, S fún ti ẹ̀yìn, ìkọ̀ọ̀kan sì ní nọ́ńbà. Ọ̀rẹ́ mi ń wọ̀n wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń kọ ọ́ sílẹ̀. Ó ka eyín ẹnu rẹ̀. Ó tún fi hàn mí, nínú ikùn, àpò kékeré tí abo fi ń gba àtọ̀ akọ, tó dà bí ife ẹlẹ́nu gbòòrò. Bí ife yẹn ṣe rí lè ya irú méjì sọ́tọ̀ nígbà tí ohun gbogbo tókù jọra. Irú máìtì tó wà nínú ẹbí Phytoseiidae yìí lé ní 2,000, ó sì gbọ́dọ̀ fi tirẹ̀ wé àwọn tó jọ ọ́, títí kan ẹyọ tí wọ́n kọ́kọ́ fi sọ irú kọ̀ọ̀kan lórúkọ, tó wà nípamọ́ nílé ìṣẹ̀ǹbáyé lókè òkun. Bí kò bá bá ìkankan mu, ìgbà náà ni yóò yàwòrán rẹ̀, tí yóò yan ẹyọ kan tí orúkọ náà máa dúró lé lórí, tí yóò sì tẹ̀ ẹ́ jáde. Ọ̀rẹ́ mi ní ẹyọ mẹ́ta péré lọ́wọ́. Ó ní òun máa padà lọ wá sí i lára igi náà nígbà tí òjò bá dé. Mo bọ̀wọ̀ fún sùúrù yẹn gidigidi.

Nígbà tí ilẹ̀ ṣú, mo bẹ̀ ẹ́ kí a tún lọ sí oko. Ìyá fún wa láyè. A fi aṣọ pupa bo ojú tọ́ọ̀ṣì, a lóṣòó sídìí ẹ̀gẹ́ onírun kan, ọ̀kan lára àwọn tí a ti là lọ́sàn-án. Ó tó ogún ìṣẹ́jú tí a kò rí nǹkan. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀kán epo kan yọ sí ọrùn ewé. Ó tọ́ afẹ́fẹ́ wò pẹ̀lú ẹsẹ̀ iwájú, ó sọ̀ kalẹ̀ sórí ewé tó tẹ̀ lé e, ó sì sáré gba ẹ̀gbẹ́ iṣan ewé lọ tààrà síbi tí àwọn aláwọ̀ ewé kó jọ sí. Ọ̀kan tún yọ lẹ́yìn rẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi ń ka iye wọn lábẹ́ èémí, mo sì mú tọ́ọ̀ṣì dúró ṣinṣin fún un.