Bí Mo Ṣe Yan Ìbọn Tí Mo Ń Gbé Gun Òkè ní Colorado

Ó ti di ọdún mẹ́jọ tí mo ti ń gbé ní ìpínlẹ̀ Colorado ní Amẹ́ríkà. Láàárín àkókò náà, ìbọn mẹ́ta ni mo ti rà fún iṣẹ́ ọdẹ, méjì nínú wọn kò sì sí lọ́wọ́ mi mọ́. Ẹran tí mo ń torí rẹ̀ wọ igbó ni èyí tí wọ́n ń pè ní elk, tó jọ àgbọ̀nrín ilé wa ní ìrísí, ṣùgbọ́n tí abo rẹ̀ lè wọ̀n tó 500 pọ́ùn, tí akọ rẹ̀ tó ti dàgbà dáadáa sì lè wọ̀n tó 700. Kò sí ìpínlẹ̀ mìíràn ní Amẹ́ríkà tí ẹran yìí pọ̀ sí tó Colorado. Ibi tí èmi ti ń wá a ga tó ẹsẹ̀ bàtà 10,000 lókè ìtẹ́jú òkun, níbi tí afẹ́fẹ́ ti fúyẹ́ débi pé ẹni tó rọra rìn níwọ̀nba yóò máa mí hẹlẹhẹlẹ bí ẹni tó sáré.

Ìbọn àkọ́kọ́ tí mo rà jẹ́ àlòkù, ọta .30-06 Springfield sì ni ó ń jẹ, èyí tí àwọn ológun Amẹ́ríkà gbà wọlé ní ọdún 1906 tí àwọn ọdẹ kò sì tíì fi sílẹ̀ títí di òní. Kò sí àlébù kankan lára rẹ̀ bí kò ṣe pé, pẹ̀lú ìdí rẹ̀ tí wọ́n fi igi líle ṣe, ọ̀pá rẹ̀ tó gùn, àti awò ìfojúsùn tó wà lórí rẹ̀, ó lé ní pọ́ùn mẹ́sàn-án ààbọ̀, ìyẹn kìló mẹ́rin àti díẹ̀. Ẹni tó bá ń gbé irú ẹrù bẹ́ẹ̀ láti agogo mẹ́rin òru títí di ìrọ̀lẹ́, lórí òkè tí kò ní ọ̀nà, yóò mọ̀ pé ìwúwo kì í ṣe ọ̀rọ̀ èjìká nìkan. Nígbà tí mo bá fi máa dé ibi tí ẹran wà, apá mi á ti máa gbọ̀n, bí mo bá sì gbé ìbọn sókè, mi ò lè dá a dúró sójú kan. Mo fara dà á fún ọdún méjì, lẹ́yìn náà ni mo tà á.

Ibẹ̀ ni mo ti sá fún òjò bọ́ sínú odò. Ìbọn kejì fúyẹ́ tó fi jẹ́ pé nígbà tí mo gbé e ní ilé ìtajà, ẹ̀rín ni mo rín: pọ́ùn mẹ́fà péré, a kò tíì so awò mọ́ ọn. Ọta tó ń jẹ ni .300 Winchester Magnum, tó jáde ní ọdún 1963, èyí tí àwọn ọdẹ fẹ́ràn nítorí pé ó ń rìn jìnnà, ó sì ń bá ẹran pẹ̀lú agbára púpọ̀. Mo rò pé mo ti rí ohun gbogbo tí mo ń fẹ́ lójú kan: ó fúyẹ́, ó sì lágbára. Ohun tí mi ò ronú sí ni pé ìbọn tó fúyẹ́ tó sì lágbára ní láti wá ibì kan da agbára náà sí, kò sì sí ibòmíràn tó sún mọ́ ọn ju èjìká ẹni tó dì í mú lọ.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ìṣirò yìí díẹ̀, nítorí òun ni gbogbo ọ̀rọ̀ dá lé. Nígbà tí ọta bá jáde lẹ́nu ìbọn, ìbọn fúnra rẹ̀ a máa ta sẹ́yìn. Èyí ni a ń pè ní ìtàpá. Bí a bá fi ọta kan náà sínú ìbọn méjì, tí ọ̀kan sì fi ìdá kan nínú mẹ́rin fúyẹ́ ju èkejì lọ, ìtàpá èyí tó fúyẹ́ yóò fi ìdá kan nínú mẹ́ta pọ̀ ju ti èkejì lọ. Ìbọn tó ń jẹ ọta .308 Winchester, tó wọ̀n tó pọ́ùn mẹ́jọ pẹ̀lú awò rẹ̀, ń ta ni ní ìpá pẹ̀lú agbára tó tó fúùtù-pọ́ùn 17 (òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn agbára ìbọn). Èyí tí mo rà yìí, tí gbogbo rẹ̀ kò ju pọ́ùn méje lọ, ń ta mí ní ìpá pẹ̀lú agbára tó lé ní 30. Agbára tí ọta rẹ̀ fi ń jáde lẹ́nu ìbọn kò sì fi ju nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta lọ pọ̀ ju ti .308 lọ. Ní kúkúrú, mo ra ìdá mẹ́ta kan agbára, mo sì san ìlọ́po méjì ìyà lé e lórí.

Ara kì í gbàgbé ìyà. Lẹ́yìn bí ogún ọta ní pápá ìdánrawò, ojú mi ti ń dì kí ìbọn tó dún, èjìká mi sì ti ń sá. Èmi kò mọ̀. Ọ̀rẹ́ mi kan tí a jọ ń ṣọdẹ ló fọgbọ́n fi hàn mí. Ó gba ìbọn náà lọ́wọ́ mi pé òun fẹ́ kì í, ó sì dá a padà fún mi láìfi ọta kankan sínú rẹ̀. Mo fojú sun àmì, mo fà á, ìbọn kò dún, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ tẹrí ba wálẹ̀ bí adìẹ tó fẹ́ mumi. Ojú tì mí. Ẹnikẹ́ni tó bá ní ìbọn tó ń ta ni gan-an gbọ́dọ̀ jẹ́ kí wọ́n dán òun wò báyìí, nítorí kò sí bí èèyàn ṣe lè fúnra rẹ̀ rí i.

Ní oṣù kẹwàá ọdún yẹn, mo yìnbọn sí abo elk kan tí kò jìnnà sí mi tó 200 yáàdì, tó dúró gbọọrọ, tó fi ẹ̀gbẹ́ hàn mí. Mo tàsé rẹ̀ pátápátá. Mo dúpẹ́ pé mo tàsé rẹ̀ o, nítorí ohun tó burú jù ni kí ọta bà á ní ikùn kí ó sì lọ kú síbi tí mi ò ti ní rí i.

Nígbà tí mo ròyìn fún bàbá mi lórí fóònù, ẹ̀rín ni wọ́n kọ́kọ́ rín. Ọdẹ ni wọ́n ní Òkè Ògùn, ṣakabùlà sì ni wọ́n lò títí ojú wọn fi di bàìbàì. Wọ́n bi mí pé, “Àjàní, ṣé ẹ̀tù lo kì jù ni?”

Mo ní, “Rárá, Bàbá. Àwọn tó ṣe ọta náà ló ti bá mi kì í jù.”

Wọ́n ní ẹ̀tù kan náà ni, ibi yòówù tí wọ́n bá ti kì í. Ẹni tó ń lo ṣakabùlà ló ń fọwọ́ ara rẹ̀ wọn ẹ̀tù rẹ̀, ó sì mọ̀ pé bí òun bá kì í jù, bí kò bá fọ́ ọ̀pá ìbọn, yóò gbá òun ṣubú. Àwa tó ń ra ọta inú páálí ti gbàgbé pé yíyan ọta ni wíwọn ẹ̀tù tiwa.

Ìbọn kẹta ni .308 tí mo mẹ́nu bà lẹ́ẹ̀kan. Ọdún 1952 ni ọta rẹ̀ jáde, géréènì 165 sì ni ìwúwo èyí tí mo ń lò (géréènì ni òṣùwọ̀n kékeré tí wọ́n fi ń wọn ìwúwo ọta). Ní ti ìwúwo àti agbára, òfin Colorado kò béèrè ju pé kí ọta tí a ó fi pa elk wọ̀n tó géréènì 85, kí agbára rẹ̀ sì tó 1,000 fúùtù-pọ́ùn ní 100 yáàdì. Tèmi ṣì lé ní 2,000 níbẹ̀. Ìyàwó mi ń lo ìbọn tó ń jẹ ọta 6.5 Creedmoor, tí ìtàpá rẹ̀ tún kéré sí tèmi. Bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ bá bi mí, òun ni mo máa sọ fún un kí ó rà. Èmi kàn fẹ́ràn ọta tó wúwo díẹ̀ sí i ni.

Àwọn kan máa ń lu ihò sí ẹnu ìbọn kí ìtàpá lè dín kù. Ó ń ṣiṣẹ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ariwo rẹ̀ a máa fẹ́ fọ́ etí, nínú igbó níbi tí ọ̀pọ̀ wa kì í ti í rántí di etí wa. Rọ́bà tó nípọn ní ìdí ìbọn tẹ́ mi lọ́rùn jù ú lọ. Kí ìdí ìbọn sì gùn tó bí apá ẹni ṣe gùn náà ṣe pàtàkì, nítorí tèmi kúrú jù tẹ́lẹ̀, awò a sì máa fẹ́ gbá mi lójú.

Ní ti ìwúwo, pọ́ùn mẹ́jọ ni mo ń gbé báyìí, kò sì pa mí lára. Mo yọ ohun tí kò wúlò kúrò nínú àpò ẹ̀yìn mi, mo sì yọ pọ́ùn 14 kúrò ní ikùn ara mi, èyí tí ìyàwó mi ti ń sọ fún mi láti ọjọ́ tó ti pẹ́ pé ó wúwo ju ìbọn èyíkéyìí lọ.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ló ra ìbọn kejì lọ́wọ́ mi. Ó gbé e sókè, ó rẹ́rìn-ín bí mo ṣe rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ tí mo rà á, ó sì bi mí bóyá ó ń ta ni. Mo sọ òtítọ́ fún un, mo ní kí ó kọ́kọ́ yìn ín lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ó yìn ín lẹ́ẹ̀kan, ó fi ọwọ́ pa èjìká rẹ̀, ó sì kó owó sílẹ̀ fún mi.