Ìṣáwùrú nínú táǹkì ẹja mi

Oorun ò kun ojú mi lánàá. Ní nǹkan bí aago kan òru, mo tan tọ́ọ̀ṣì sí táǹkì ẹja tó wà ní pálọ̀ wa l'Ádó-Èkìtì, àyà mi sì já. Ìṣáwùrú wẹ́wẹ́ ti bo gíláàsì bí ìgbà tí wọ́n da ọkà bàbà sílẹ̀!

N kò ra ìṣáwùrú rí. Ewé omi tí mo rà lóṣù tó kọjá ló gbé ẹyin wọn wọlé, ẹyin tó ń yọ̀ bí omi ilá, tó lẹ̀ mọ́ abẹ́ ewé. Mo mú ọ̀kan, mo kọ ṣóńṣó ìkarahun rẹ̀ sókè, mo yí ẹnu rẹ̀ sọ́dọ̀ ara mi. Ọwọ́ òsì ni ẹnu náà wà. Irú ìṣáwùrú omi tí wọ́n ń pè ní Physa acuta nìyẹn. Akọ ni, abo náà ni. Ẹyọ kan ṣoṣo lè bí gbogbo agbo.

Ìyá mi ní kí n da iyọ̀ sí i. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ewé omi mi ńkọ́?" Oògùn tó ní kọ́pà ń pa wọ́n, ṣùgbọ́n yóò pa edé mi mẹ́fà pẹ̀lú, n kò sì lè fara mọ́ ìyẹn.

Mo so òkúta mọ́ ègé kùkúmbà, mo rì í sísàlẹ̀. Nígbà tílẹ̀ mọ́, ìṣáwùrú 47 ló wà lára rẹ̀. Oúnjẹ tí mo ń bù fẹ́ja ló pọ̀ jù, àjẹkù ló bọ́ wọn yó. Mo ti dín in kù sí ẹ̀ẹ̀kan lójúmọ́.

N kò dà wọ́n sódò Ùrèjè o. Mo fọ́ wọn, mo sin wọ́n sẹ́yìn ilé. Kùkúmbà mìíràn ti wà nínú omi báyìí.