Ilà Ara Mọ́tò: Kí Ẹ Tó Fọwọ́ Kan Rọ́bìn

Ẹ̀yin àbúrò, a kì í yọ ilà kúrò lára mọ́tò. Ohun tó yí i ká la máa ń fá wálẹ̀ títí yóò fi bá ìsàlẹ̀ ilà náà dọ́gba. Ohun tí ẹ ó máa fá yẹn kò sì pọ̀: kílíà, ìyẹn ọ̀dà tí kò ní àwọ̀ tó wà lórí ọ̀dà ọ̀pọ̀ mọ́tò, kò nípọn tó fọ́nrán irun orí kan.

Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ wọn jíjìn rẹ̀. Ẹ fi èékánná wọ́ ọ kọjá ní ìdábùú, wẹ́rẹ́. Bí kò bá kọ́ èékánná, inú kílíà ló wà. Bí ó bá kọ́ ọ díẹ̀, ẹ ta omi sí i. Bí ilà náà bá sọnù nígbà tó tutù, ọwọ́ ṣì lè ká a. Bí ẹ bá rí funfun tàbí àwọ̀ eérú nínú rẹ̀, práímà nìyẹn, ọ̀dà ìsàlẹ̀ tí wọ́n kọ́kọ́ ń kùn. Bí ó bá ń dán bí páànù, irin ni. Rọ́bìn, ìpara tí a fi ń fá ojú ọ̀dà kó lè dán, kò lè ṣe nǹkan kan sí àwọn méjì yìí, ọ̀dà ni wọ́n ń fẹ́. Ti irin kò sì gbọdọ̀ pẹ́, torí yóò dógùn-ún, ìdógùn-ún náà á sì máa rìn lábẹ́ ọ̀dà.

Bí kẹ̀kẹ́ Márúwá bá fara ha yín nínú gosiló Ọjà Ọba, ẹ fọwọ́ pa ibẹ̀ wò. Bí ó bá yọ sókè, ọ̀dà tiwọn ló lẹ̀ mọ́ tiyín. Rọ́bìn díẹ̀ á kó o kúrò. Ẹ má fi tínà, omi tí wọ́n fi ń po ọ̀dà, sí i, nítorí wọ́n ti tún ọ̀pọ̀ tòkunbọ̀ kùn, tínà sì lè mú ọ̀dà ọ̀hún rọ̀.

Ẹ fọ mọ́tò dáadáa kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, pàápàá nígbà ọyẹ́. Iyanrìn ni eruku yẹn. Bí ẹ bá fi rọ́bìn pò ó, sáńpépà lẹ ṣe.

Abẹ́ ibòji ni kí ẹ ti ṣiṣẹ́, kí páànù ara mọ́tò má gbóná. Rọ́bìn tó ìwọ̀n hóró ẹ̀pà kan ti tó fún ojú ibi tí àtẹ́lẹwọ́ lè bò. Ẹ fi fóòmù tó tutù díẹ̀ pa á, ìka mẹ́rin ní pẹrẹsẹ. Ẹni tó bá fi ìka kan ṣoṣo tẹ̀ ẹ́ yóò gbẹ́ kòtò. Ẹ nù ún, kí ẹ fi tọ́ọ̀ṣì wò ó láti ẹ̀gbẹ́. Bí ẹ bá ṣe é lẹ́ẹ̀mẹta tí kò yí padà, ẹ dúró.

Ẹ máa wo aṣọ tí ẹ fi ń nù ún. Bí àwọ̀ mọ́tò bá ti hàn lára rẹ̀ láti ìgbà àkọ́kọ́, mọ́tò náà kò ní kílíà. Bí ó bá jẹ́ àárín iṣẹ́ ló ṣẹ̀ṣẹ̀ hàn, ẹ ti la kílíà já nìyẹn.

Sáńpépà wà fún ilà tó ń kọ́ èékánná díẹ̀ nìkan: èyí tí wọ́n kọ nọ́ńbà 2000 sí lẹ́yìn, lẹ́yìn náà 3000. Ẹ rẹ ẹ́ sínú omi ọṣẹ fún ìṣẹ́jú 10, kí ẹ lẹ pépà-téèpù mọ́ etí páànù, torí ibẹ̀ ni ọ̀dà ti fẹ́lẹ́ jù. Ojú ibẹ̀ á ṣú bí gíláàsì tí a fẹ́ èémí sí. Rọ́bìn á dá a padà. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n ta 400 fún yín. Ti àwọn tó fẹ́ kun ọ̀dà tuntun nìyẹn, ọwọ́ lásán kì í pa ojú rẹ̀ rẹ́. Bí sáńpépà bá jábọ́ sílẹ̀, ẹ sọ ọ́ nù.

Kí ẹ tó fi wáàsì, ìpara ìdán, kùn ún, ẹ fi omi ọṣẹ fọ ibẹ̀, kí ẹ wò ó nínú oòrùn. Epo inú rọ́bìn máa ń dí ilà lójú, ìgbà tí wọ́n bá fọ mọ́tò lẹ́ẹ̀kejì ló tún máa ń jáde.