Ìdá 99 nínú 100 ti kúrò, àmọ́ omi ọ̀hún ṣì léwu

Ó ti pẹ́ tí mo ti fẹ́ kọ nǹkan yìí, iṣẹ́ ni ò jẹ́. Project masters mi dá lórí bá a ṣe lè fi machine learning (kí kọ̀ǹpútà kọ́ nǹkan látinú èsì àtẹ̀yìnwá) mọ iye òjé (lead) tí èédú máa fà kúrò nínú omi ìdọ̀tí ká tó dé láàbù rárá. Òjé tí mò ń wí ni èyí tó wà nínú bátìrì mọ́tò, tí bátìrì bá ti kú, àwọn kan á fọ́ ọ, wọ́n á da omi inú ẹ̀ sí gọ́tà, bẹ́ẹ̀ kànga àwọn èèyàn ò jìnnà síbẹ̀. Ọpọlọ ọmọdé ló máa ń bà jẹ́, WHO, àjọ ìlera àgbáyé, gan-an sọ pé kò sí bó ṣe lè kéré tó nínú ẹ̀jẹ̀ tá a lè fọwọ́ sọ̀yà pé kò léwu.

Èédú yìí kì í ṣe èyí tá a fi ń sun àgbàdo o. Wọ́n á sun èèpo àgbọn tàbí èèpo ẹkùrọ́ níbi tí atẹ́gùn ò ti ráyè wọlé, wọ́n á wá ṣe é títí táá fi ní ihò wínníwínní káàkiri, ibẹ̀ ni òjé máa ń lẹ̀ mọ́. pH omi (nọ́ńbà tó ń sọ bí omi ṣe kan tó, bó bá ṣe kéré tó ni omi ṣe kan tó), bí èédú ṣe pọ̀ tó, bó ṣe pẹ́ nínú omi tó, gbogbo ẹ̀ ló ń yí èsì padà, tó o bá sì ní o fẹ́ dán gbogbo ẹ̀ wò lọ́kọ̀ọ̀kan, kẹ́míkà á tán, owó á tán. Ni mo bá jókòó ti Excel, mò ń tẹ èsì inú paper àwọn tó ti ṣe é tẹ́lẹ̀ síbẹ̀, ìlà kan fún èsì kan, mo wá kó o fún random forest, ìyẹn irú machine learning kan, òun ni mọ́dẹ̀lì mi.

Èsì àkọ́kọ́ dùn, R², ìyẹn máàkì tó ń sọ bí ohun tí mọ́dẹ̀lì sọ ṣe bá èsì gidi mu tó, fẹ́ẹ̀ẹ́ pé 1, tó jẹ́ òkè pátápátá. Ọ̀gá tó ń bójú tó project mi wò ó, wọ́n ní, "Èyí tó kù sínú omi ńkọ́?" A ṣírò ẹ̀ níbẹ̀. Omi tó ní òjé mílígíráàmù 100 nínú lítà kan, tá a bá yọ ìdá 99 nínú 100, mílígíráàmù 1 ló kù. Mílígíráàmù 0.01 nínú lítà kan ni WHO gbà fún omi mímu. Ìlọ́po 100 nìyẹn! Látọjọ́ yẹn, iye tó kù ni mò ń ní kí mọ́dẹ̀lì sọ fún mi.

Mo tún rí i pé bí pH bá ti lọ sókè ju 6 lọ dáadáa, òjé fúnra ẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í dì, á rọ̀ sísàlẹ̀, wọ́n á wá gbóríyìn fún èédú. Mo yọ àwọn ìlà yẹn kúrò. Èyí tó dùn mí jù ni pé ìlà tó wá látinú paper kan náà wà nínú èyí tí mo fi kọ́ mọ́dẹ̀lì, ó tún wà nínú èyí tí mo fi dán an wò, àfi bíi kéèyàn ti rí ìbéèrè kó tó wọ ìdánwò. Mo yà wọ́n sọ́tọ̀ ní paper sí paper, máàkì já wálẹ̀ gan-an, àmọ́ òun ni mo gbà gbọ́, torí èédú tí mọ́dẹ̀lì ò rí rí ni wọ́n máa gbé wá bá a.

Ìṣòro tó kù báyìí, omi láàbù tó ní òjé nìkan ló pọ̀ jù nínú dátà mi, omi gọ́tà sì ní irin àti calcium tí wọ́n ń bá òjé du àyè. Tẹ́ ẹ bá ti ṣe tiyín pẹ̀lú omi ìdọ̀tí gidi, kódà èyí tí ò ṣiṣẹ́ tẹ́ ẹ sọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fi Excel ẹ̀ ránṣẹ́ sí mi.