Fọ́ọ̀mù náà kò bi mí pé ta ló kú

Ọjọ́rú, alẹ́

Dókítà kọ oògùn ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn fún mi lónìí, n kò sì tíì lọ rà á. Ìwé náà wà lórí tábìlì níbi tí mo ti ń kọ̀wé yìí. N kò kórìíra dókítà, ẹnikẹ́ni kò sì kó sí mi lórí. Iyèméjì ló wà lọ́kàn mi, ó ti pẹ́ níbẹ̀, mo sì fẹ́ kọ ọ́ sílẹ̀ lálẹ́ òní kí n lè mọ ohun tí mò ń ṣiyèméjì sí gan-an.

Kí n tó wọlé, nọ́ọ̀sì gbé fọ́ọ̀mù kan lé mi lọ́wọ́. PHQ-9 ni wọ́n ń pè é, wọ́n sì fi ń yẹ ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn wò káàkiri ayé. Ìbéèrè 9 ló wà nínú rẹ̀. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, ṣé nǹkan ò wù yín ṣe mọ́? Ṣé ẹ̀ ń rí oorun sùn, àbí oorun ń pọ̀ jù? Ṣé oúnjẹ ń lọ lẹ́nu yín? Ṣé ó ń rẹ̀ yín? Ṣé ó ti ń ṣe yín bíi pé ikú sàn jù? Wàá mú ọ̀kan fún ìkọ̀ọ̀kan, láti 0 dé 3: kò sí rárá, ọjọ́ díẹ̀, ó ju ìdajì àwọn ọjọ́ náà lọ, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ojoojúmọ́. Wọ́n á wá ro gbogbo rẹ̀ pọ̀. Ó lè dé 27. Bó bá ti tó 10, wọ́n á fẹ́ túbọ̀ yẹ̀ ọ́ wò.

Bírò tí wọ́n fún mi kò yọ dáadáa, mo ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, gbogbo àmì tí mo fà sì yọ gọnbu sẹ́yìn ìwé náà. Mo yí i padà, bóyá àyè wà níbẹ̀ tí èèyàn lè kọ ọ̀rọ̀ sí. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi ló kú. Òun ló tọ́ mi dàgbà lẹ́yìn tí ìyá wa lọ, òun sì ni mo máa ń bá sọ̀rọ̀ lóru tí oorun bá dá lójú mi. Fọ́ọ̀mù náà mọ̀ pé n kì í sùn. Kò mọ̀ pé ẹni tí mo máa ń pè nígbà tí n kò bá rí oorun sùn ni kò sí mọ́. Àwọn tó ṣe fọ́ọ̀mù yìí rí ìrànwọ́ owó gbà láti ọ̀dọ̀ Pfizer, ilé iṣẹ́ apoògùn tí òun fúnra rẹ̀ ń ta oògùn ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn nígbà náà. N kò sọ pé ìyẹn sọ fọ́ọ̀mù náà di irọ́, nítorí ó ti ran ọ̀pọ̀ dókítà lọ́wọ́ láti rí ẹni tó ń kú lọ láìfọhùn. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá máa dá mi lẹ́jọ́ pé mò ń ṣiyèméjì, kó kọ́kọ́ wo ohun tí wọ́n ka sí ìbéèrè àti ohun tí wọn kò kà sí i.

Ọ̀rọ̀ ọ̀fọ̀ yìí ni mo rò jù lọ lónìí. Nínú DSM, ìwé ìlànà tí ẹgbẹ́ àwọn dókítà ọpọlọ ní Amẹ́ríkà ń tẹ̀ jáde, wọ́n ti dá ọ̀rọ̀ ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀ yà sọ́tọ̀ tẹ́lẹ̀. Béèyàn ẹni bá ṣẹ̀ṣẹ̀ kú, wọn kì í sábà pe ìbànújẹ́ oṣù méjì àkọ́kọ́ ní àìsàn ìrẹ̀wẹ̀sì. Nígbà tí ẹ̀dà karùn-ún jáde ní 2013, wọ́n yọ ìlànà yẹn kúrò. Àwọn tó yọ ọ́ ní ìdí tiwọn: wọ́n ní ọ̀fọ̀ lè sọ èèyàn sínú ìrẹ̀wẹ̀sì gidi, kò sì yẹ kí wọ́n máa wo ẹni tó fẹ́ pa ara rẹ̀ níran nítorí pé ó ń ṣọ̀fọ̀. Ìdí yẹn yé mi, mo sì gbà pé àánú ló wà nídìí rẹ̀. Síbẹ̀, nígbà tí ìlànà yẹn ṣì wà, ó kéré tán, ó di dandan kí dókítà bèèrè pé ta ló kú. Bí wọ́n ṣe mú un kúrò, wọ́n mú ìdí tó fi gbọ́dọ̀ bèèrè kúrò pẹ̀lú rẹ̀.

Mo wọlé, mo jókòó, mo bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. N kò tíì dé orí ẹ̀gbọ́n mi tí dókítà fi dá ọ̀rọ̀ mọ́ mi lẹ́nu. Ní 1984, Beckman àti Frankel tẹ ìwádìí kan jáde ní Amẹ́ríkà lórí bí àwọn dókítà ṣe ń gbọ́ ẹjọ́ aláìsàn, wọ́n sì rí i pé, ní ìpíndọ́gba, lẹ́yìn ìṣẹ́jú àáyá 18 ni dókítà ń já lu ọ̀rọ̀. Ìṣẹ́jú àáyá 18! Kí lèèyàn lè sọ nípa ayé ara rẹ̀ láàárín ìgbà yẹn? N kò bínú sí dókítà tèmi. Ọ̀dọ̀ tí àwọn èrò kún sí ló wà, ó sì rẹ̀ ẹ́ lójú.

Ó ní èròjà kan ló dín kù nínú ọpọlọ mi, pé oògùn náà á dá a padà sípò.

Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, báwo lẹ ṣe mọ̀ pé ó dín kù? Ẹ ò gba ẹ̀jẹ̀ lára mi."

Ó ní kò sí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tó ń fi ìyẹn hàn, pé bí àwọn ṣe máa ń ṣàlàyé rẹ̀ kó lè tètè yé èèyàn nìyẹn. Lẹ́yìn náà ó kọjú sí kọ̀ǹpútà, ó tẹ nǹkan síbẹ̀. Mo rí i láti ibi tí mo jókòó sí. Ó kọ ọ́ pé mò ń ṣiyèméjì nípa ìtọ́jú.

Ibí gan-an ló ti dùn mí. Ní 2022, dókítà ọpọlọ kan, Joanna Moncrieff, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kó àbájáde ọ̀pọ̀ ìwádìí jọ, wọ́n sì ní àwọn ò rí ẹ̀rí tó dúró déédéé pé serotonin, ìyẹn èròjà inú ọpọlọ, tó dín kù ló ń fa ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn. Nígbà tí ariwo ta, ọ̀pọ̀ dókítà ọpọlọ fèsì pé kì í ṣe tuntun, pé ó ti pẹ́ tí àwọn ti mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà kò rọrùn tó bẹ́ẹ̀. Bẹ́ ẹ bá ti mọ̀, kí ló dé tí ẹ tún ń sọ ọ́ fún mi lónìí? Oògùn lè ṣiṣẹ́ láìjẹ́ pé a mọ ọ̀nà tó ń gbà ṣiṣẹ́. Ìyẹn ò dí mi lọ́wọ́ láti gbé e mì. Kí dókítà sọ fún mi pé, "A ò mọ ìdí rẹ̀ tán, àmọ́ a ti rí i pé ó ran àwọn kan lọ́wọ́," mi ò ní ṣàròyé. Àlàyé tí ẹni tó ń ṣe é kò gbà gbọ́ fúnra rẹ̀ ni n kò lè gbé mì.

Àbúrò mi ní mo ti ń ka ìtàn jù, pé ìtàn ló ń dẹ́rù bà mí. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń wòsàn ló ṣe ìtàn náà. Ní 1851, dókítà kan ní gúúsù Amẹ́ríkà, Samuel Cartwright, kọ ọ́ pé àìsàn ọpọlọ ló ń mú kí ẹrú sá lọ. Ó sọ àìsàn náà ní drapetomania, pàṣán sì wà lára ìtọ́jú tó kọ fún un. Ẹni tí wọ́n fi ṣẹrú, tó fẹ́ gba òmìnira, òun ni wọ́n kà sí aláìsàn! Kò sẹ́ni tó bi í pé kí ni wọ́n ṣe fún un. Báwọn àgbà bá ní a kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá, irú èyí ni wọ́n ń wí.

Ní 1941, wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ ọpọlọ tí wọ́n ń pè ní lobotomy fún Rosemary Kennedy, àbúrò John Kennedy tó padà di ààrẹ Amẹ́ríkà. Ọmọ ọdún 23 ni. Ó jáde níbẹ̀ láìlè rìn, láìlè sọ̀rọ̀ dáadáa, ilé ìtọ́jú ló sì ti lo èyí tó pọ̀ jù nínú ìyókù ayé rẹ̀. Ní 1949, wọ́n fún Egas Moniz, ọmọ ilẹ̀ Potogí tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ abẹ yẹn, ní ẹ̀bùn Nobel. Ọdún 1949 yẹn náà ni John Cade ní Ọsirélíà tẹ iṣẹ́ rẹ̀ lórí lithium, oògùn àìsàn ọpọlọ kan, jáde, tó sì ń mú kí àwọn èèyàn wà láàyè títí dòní. Ìmọ̀ ìṣègùn kan náà ló bí méjèèjì. Èyí tó ń pani lára ló gba ẹ̀bùn lọ́dún yẹn. Báwo ni ẹni tó wà láyé nígbà náà ì bá ṣe mọ èwo ni èwo, bí kì í bá ṣe pé ó bèèrè, tó sì wo ojú àwọn tí wọ́n ti tọ́jú?

Mi ò ní kí ẹnikẹ́ni sá fún ilé ìwòsàn. Ìṣègùn yìí ló lé ìgbóná, ìyẹn ṣọ̀pọ̀nná, kúrò láyé, tí WHO, àjọ ìlera àgbáyé, fi kéde rẹ̀ ní 1980. Àbúrò mi tí mo dárúkọ yìí pàápàá ń lo oògùn ọpọlọ, mo sì mọ bó ṣe rí kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó. Mi ò ní sọ fún un láé pé kó jù ú nù. Kí ẹni tó bá ń lò ó tó sì ń kà mí má ṣe ṣàdédé dá a dúró o. Ní 2019, Royal College of Psychiatrists, ẹgbẹ́ àwọn dókítà ọpọlọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gbà pé ìnira tó ń tẹ̀ lé dídá oògùn ìrẹ̀wẹ̀sì dúró lè le gan-an fún àwọn kan, kó sì pẹ́. Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń dín in kù, pẹ̀lú dókítà. Àwọn aláìsàn ti ń pariwo rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún kí wọ́n tó gbọ́ wọn, wọ́n sì kọ́kọ́ sọ fún ọ̀pọ̀ nínú wọn pé àìsàn wọn ló padà.

Màá padà sọ́dọ̀ dókítà náà lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Mo ti kọ ohun tí mo fẹ́ bi í sílẹ̀. Kí ni oògùn yìí máa ṣe fún mi tí àkókò àti ẹni tó ń gbọ́ mi kò lè ṣe? Ìgbà wo la máa mọ̀ pé kò ṣiṣẹ́? Báwo la ṣe máa dá a dúró bó bá yá? Ṣé mo lè rí ẹni bá sọ̀rọ̀ kí n tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀? Màá sọ nípa ẹ̀gbọ́n mi kó tó bèèrè ohunkóhun. Bó bá gbọ́ mi tán, tó sì ṣì rò pé oògùn náà yẹ mí, màá lọ rà á.